Afárá Tí Omi Bò ní Issaba

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù kẹfà, 1962
Òjò. Àtàná ni, kò dá. Ilẹ̀ dúdú yìí ti di ẹrẹ̀ — bàtà mi kan há sínú rẹ̀ níwájú ilé ìgbẹ̀bí, ọ̀pá ni mo fi yọ ọ́. Ilẹ̀ pupa la ní ní Sakété. Òjò á rọ̀, ilẹ̀ á mu ún, ó parí. Ní Issaba níbí, omi kì í lọ. Á jókòó.
Kánmọ́kánmọ́ kọjá lọ́sàn-án pẹ̀lú kámíọ̀ rẹ̀, ó ń kó epo pupa lọ sí Pobè. (Ọkọ mi ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Ó ní kí n di ẹrù mi, kí n padà sílé kí ọ̀nà tó dí. Ó ní Firmin ọmọ wa ń béèrè mi lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo ní Èjìdé ńkọ́, tí oṣù rẹ̀ ti pé? Ó ní, ṣé èmi nìkan ni agbẹ̀bí ní gbogbo Dahomey ni. Ní Issaba, èmi nìkan ni.

Ọjọ́rú, 13
Mo yẹ Èjìdé wò. Oyún àkọ́kọ́. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ ní ìbú. Mo fi ọwọ́ yí i láti òde — ó yí díẹ̀, ó tún padà sí àyè rẹ̀. Bí kò bá yí fúnra rẹ̀, àfi ilé ìwòsàn Pobè, níbi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ.
Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Porto-Novo, nítorí náà Bàbá Fálúyì, baba ọkọ rẹ̀, ni mo bá sọ ọ́. Mo ní kí Èjìdé lọ dúró sí Pobè láti òní. Ó ní kí òjò dá díẹ̀ ná, ó di ọjọ́ Ajé. Kì í ṣe olóríkunkun. Ọ̀nà ló ń bà á lẹ́rù.

Ọjọ́bọ̀, 14
Òjò.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Odò ti kún jáde, ó ti wọ oko àgbàdo. Baálẹ̀ pe gbogbo ìlú sí ilé ìwé, ó ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kí àwọn ará ìsàlẹ̀ kó àwọn arúgbó, ewúrẹ́ àti irúgbìn wọn gòkè. Kí wọ́n se omi kànga kí wọ́n tó mu ún. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú omi tó ń sáré, bí kò tilẹ̀ jìn. Ní ti afárá ọ̀nà Pobè: bí ẹ kò bá ti rí pákó, ẹ má gùn ún, ìbáà ṣe ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ọkọ̀. Omi kì í sọ ohun tó ti gbé lọ lábẹ́.
Obìnrin kan ní, bó bá jẹ́ aláìsàn la gbé dání ńkọ́? Mo ní bákan náà ni.
Ó rọrùn láti sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Mo lọ wo afárá. Omi ti ń fọwọ́ kan pákó. Mo sáré padà sọ́dọ̀ Bàbá Fálúyì — òní ni o, kì í ṣe ọjọ́ Ajé. Ó gbà. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ ní Issaba. Àdìó olóbì ń fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Pobè. Mo ní kó sọ fún Kánmọ́kánmọ́ níbẹ̀ kó tètè wá gbé wa.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Ìrọbí mú Èjìdé láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń kọrin lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ṣì wà ní ìbú. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn kan, wọ́n gbé e lé e, a mú ọ̀nà pọ̀n.
Kò sí afárá. Omi pupa ni, ó ń gbé ẹ̀ka igi lọ. Orí igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló yọ. Kámíọ̀ Kánmọ́kánmọ́ wà ní òdìkejì. Ó ti dé. Bó ṣe rí wa, ó ti ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ bọ omi.
Mo pariwo. Ó yọrí síta, ó ní, "Ìyá Firmin, mo mọ afárá yìí bí ojúlé mi. Màá gbé e kọjá."
Bàbá Fálúyì di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jẹ́ kó wá, Màdámù. Ẹ jọ̀ọ́."
Èjìdé ń wò mí láti orí ilẹ̀kùn.
Mo ní, "Bàbá Firmin, ẹ padà. Bí ẹ bá wọ inú omi yẹn, ó parí láàárín wa nìyẹn."
Ó jókòó síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń dún. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Kò juwọ́ sí mi.
A gbé Èjìdé padà sí ilé ìgbẹ̀bí.

Ọjọ́ Ajé, 18
Ọmọkùnrin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo wá rí mú, mo fi fà á wá. Ó ti kú kó tó jáde. Ìyá rẹ̀ wà láàyè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Bó bá jẹ́ ọkọ ẹlòmíràn ló wà nínú kámíọ̀ yẹn ńkọ́? Mo bi ara mi. Mo tún bi ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 21
Wọ́n ń sọ ọ́ létí kànga, wọn kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀: ọkọ̀ wà níbẹ̀, ó ní kó padà. Òótọ́ ni. Bàbá Fálúyì pàdé mi, ilẹ̀ ló ń wò. Èjìdé ń jẹ́ kí n tọ́jú òun, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọlé, ògiri ló ń kọjú sí.
Òjò ti dá. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ kí omi náà fi hàn bó bá fà. Rárá, mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí afárá ti ya. Irú ẹni tí mo dà nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 24
Omi ti fà. Bàbá Fálúyì fúnra rẹ̀ lọ, ó fi ẹsẹ̀ tẹ pákó láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní, "Afárá wà. Pákó kan kò kúrò."
Ó lọ. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.
Mo lọ pààrọ̀ aṣọ Èjìdé. Ibẹ̀ la wà tí a gbọ́ ìró kámíọ̀ tó ń bọ̀ láti Pobè. Ó dé orí afárá, pákó ń ró. Ó kọjá.
Èjìdé ní, "Ọkọ wa nìyẹn."
Mo ní, "Òun ni."
"Afárá kò ya nígbà yẹn."
"Kò ya."
Ó yíjú kúrò lára ògiri. Ó ní, "Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́la, Màdámù, kí lẹ máa ṣe?"
Mo fẹ́ purọ́ fún un. N kò lè ṣe é. Mo ní, "Màá ní kó padà."
Ó ń wò mí. Kò sunkún. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ etí ẹní, ó fi àyè sílẹ̀ kí n jókòó.
Mo jókòó.