Ìwé Tí Títí Ń Kà Sí Mi Létí

Màámi, ẹ kú àárò mi o.

Ara mi le, ẹ má ṣèyọnu. Àǹtí ní tó bá di táàmù tó ń bọ̀, àwọn á fi mí síléèwé níbí ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bí wọ́n ṣe sọ ní táàmù tó kọjá náà nìyẹn.

Títí ọmọ wọn fẹ́ràn ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ bíi tèmi. Lánàá, bí mo ṣe ń fọṣọ, ó ń ka ọ̀kan sí mi létí. Ọmọbìnrin inú ìtàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀ ilé ni Àǹtí já ìwé gbà.

"Ṣé ìwé ni mo mú un wá kà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín ṣá. Mi ò wá mọ̀ bóyá ọmọ náà délé. Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ ní mò ń kàwé dáadáa.

Ọmọ yín,
Yẹ́misí