Bàálù Tòkunbọ̀ àti Oko Kajú Wa

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á máa tì yín lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìwéré-Ilé ni mo wà, ayé sì ti sú mi.

Alájì, bàbá àwọn ọmọ mi, ra bàálù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, kò pa èmi lẹ́rìn-ín. Bàálù tòkunbọ̀ ni, èyí kékeré tí àwọn olówó fi ń rìn káàkiri. Bí ẹni ń ra mọ́tò ló ṣe rà á. Ó mú mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ lọ sí Èkó, wọ́n sítáàtì ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní ó ń dún dáadáa.

Alájì ní dandan, ilé ni bàálù òun á máa sùn. Ló bá kó katakata wọ oko kajú tí èmi àti ìyá rẹ̀ jọ gbìn, ó wú gbogbo rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó da yangí sí i, kí bàálù lè ríbi balẹ̀ sí.

Awakọ̀ bàálù wá wò ó, ó mirí. "Alájì, orí ọ̀dà ni irú èyí ń balẹ̀ sí. Lórí yangí, ẹ́ńjìnnì á fa òkúta mì, ó parí nìyẹn."

Bàálù ṣì wà l'Ékòó, wọ́n gbé e tà títí, ẹnikẹ́ni ò rà á. Alájì ń jókòó sétí yangí, ó ń wòkè. Mo ní kí n tún kajú gbìn, ó ní mo fẹ́ dínà mọ́ bàálù òun.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ojú ìyá Alájì ò ríran mọ́. Àràárọ̀ ló ń bi mí pé, "Ìyàwó mi, ṣé kajú wa ti ń pọ́n?" Kí ni kí n wí fún un?