Bàbá Rẹ Ti Dé Ẹnu Ọ̀nà Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú làálàá, kú àìjókòó. Mo kí ìyàwó rẹ àti ọmọ yín. Àárẹ̀ ò ní mọ ilé yín, àmín. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì jọ àbúrò bàbá rẹ gan-an.

Ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn ń ṣe bẹbẹ. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tí mo sọ ní Oníwáyà ń wá. Á lẹ àwọn nǹkan pẹlẹbẹ kan mọ́ bàbá rẹ nítan, á so wáyà mọ́ wọn, á gbé ẹsẹ̀ wọn sórí pẹ́dà ẹ̀rọ náà, á tan iná, ẹsẹ̀ tí kò mira láti ọjọ́ tí wọ́n ti já bọ́ láti orí òrùlé tí wọ́n ń kàn, tí wọ́n fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàtà rọ́bà ni mo wọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n, torí iná ò mọ̀ pé ìyàwó wọn ni mí. Nígbà tó yá, mo gbé fóònù mi lé wọn nítan kó lè gbaná díẹ̀. Oníwáyà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní iná náà kéré, iṣan ló ń jí. Ó là á yé wa pé kì í ṣe pé wọ́n máa fi rìn, pé kí ẹran itan wọn má bàa gbẹ ni, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa lọ kó máa bọ̀. Mo bi í pé tí wọ́n bá ń wa kẹ̀kẹ́, ibo ni wọ́n wá ń lọ? Bàbá rẹ ló dá mi lóhùn, wọ́n ní ilé rẹ ni.

Ẹ̀rọ náà máa ń ka kìlómítà. Awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ní igba kìlómítà ni láti ibí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń kí wọn kú ìrìn, tí wọ́n bá parí, mo máa ń kí wọn káàbọ̀, mo sì máa ń bi wọ́n pé ibo lẹ dé lónìí. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo ní kí wọ́n má lọ. Oníwáyà ní ṣé inú yàrá kọ́ la wà ni, mo ní ṣé òjò ò rọ̀ sójú ọ̀nà ni?

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó ku kìlómítà mẹ́rin. Bàbá rẹ ní kí n mú aṣọ funfun àti fìlà wá, pé àwọn ò lè fi síngílẹ́ẹ̀tì wọlé ọmọ àwọn. Nígbà tó pé igba, a pàtẹ́wọ́, Oníwáyà jó. Bàbá rẹ wo ojú ẹ̀rọ náà títí, wọ́n wá rọra bi mí bóyá o wà nílé. Mo kàn bá wọn tún fìlà wọn ṣe. Ọmọ mi, ó dùn mí.

Ìwọ lo sọ pé ojú rẹ ò gbà á láti rí wọn ní ìdùbúlẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ kì í wá. Wọn ò dùbúlẹ̀ mọ́ o, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà.

Àwọn nǹkan pẹlẹbẹ náà kì í lẹ̀ dáadáa mọ́, jọ̀ọ́, wá owó tí a máa fi ra tuntun fún wa. Má fi í sínú fóònù, torí fóònù mi ò ríná gbà títí di òní, bàbá rẹ ò fún un. Gbé e wá fúnra rẹ. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ bọ̀, ọmọ tìrẹ náà á máa wá ọ débi tí o bá wà. Ṣùgbọ́n tètè wá o, bàbá rẹ ò tíì gbà kí n gbé fìlà náà pamọ́, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà rẹ làwọn ṣì wà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.