Ìsopọ̀ Tí Kò Padà

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Láti àárọ̀ ni áàpù Java ilé ìwòsàn kan ní Palmgrove ti ń dákú. Ìsopọ̀ mẹ́wàá sí dátábéésì tó máa ń yá lò tán, aláìsàn ò rí káàdì gbà. Mo sọ ọ́ di ogún, ó tún dákú. Mo bá sọ fún ọ̀gá pé iṣẹ́ ọwọ́ Bọ̀dá Ṣọlá tá a jọ kọ áàpù náà ni. Ọ̀gá ní òun máa lé wọn lọ́la.

Mo ṣàlàyé fún Àǹtí mi nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Bíi korobá ilé yìí! Má ra tuntun jàre, wá ẹni tí kì í dá a padà!"

Mo wá a. Kóòdù tèmi ni kì í dá ìsopọ̀ padà.

Mo tún un ṣe, mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Ó ku Bọ̀dá Ṣọlá. Ṣé wọ́n á mọ̀ lórí fóònù tí mi ò bá dọ̀bálẹ̀?

Mo kúkú dọ̀bálẹ̀ kí n tó pè wọ́n.