Lẹ́tà Bàbá Mi Tí Mo Gbé Sórí Pátákó

Mọ́ńdè, 3 Júùnù 2024

Ọ̀gá Lẹ́tà kọ ojú ewé mẹ́ta lónìí. Bàbá mi nìyẹn. Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn ló fi ọ̀dà kọ lẹ́tà sára pátákó ṣọ́ọ̀bù tó pọ̀ jù ní Addo níbí. Dókítà ní kí wọ́n máa kọ A B D lójoojúmọ́ kí ọwọ́ lè padà. Ojú wọn náà ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní, Fèyíkẹ́, ṣé ó ti ń gún? Mo ní ó ti ń gún dáadáa. Irọ́ ni.

Túsìdeè, 4 Júùnù

Iṣẹ́ tèmi náà ni lẹ́tà, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà. Mo ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ, mo sọ ọ́ di fọ́ǹtì, irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé. Ẹsẹ̀ K ń fò sókè, ikùn B yọ bíi ti ọmọ tó yó, O ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó dùn ún wò, kí n má purọ́. Mo fi ránṣẹ́ sí ilé áísìkirimù kan ní Lẹ́kkí Phase 1 tó ń wá lẹ́tà tuntun fún pátákó wọn. N ò tíì sọ fún bàbá — mo fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu.

Fúráìdè, 7 Júùnù

Ilé áísìkirimù náà mú un!

Sátidé, 22 Júùnù

Mo mú Ọ̀gá Lẹ́tà lọ wo pátákó. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ju èèyàn lọ, kò sí bí ojú wọn ò ṣe ní rí i. Àwọn ọmọdé ń nàka sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ní ta ló kọ ìyẹn. Mo ní ẹ̀yin ni. Wọ́n ní ṣé bí ọwọ́ àwọn ṣe rí rèé, ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ pé ó ń gún? Wọ́n ní àìsàn àwọn ni mo gbé kọ́ sí gbangba. Ojú tì mí débi pé n ò lè wo ojú wọn.

Sọ́ńdè, 23 Júùnù

Wọn ò kọ nǹkan kan. Bíró wà lórí tábìlì.

Túsìdeè, 25 Júùnù

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, kí n lọ jẹun. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo pe ilé áísìkirimù pé kí wọ́n bá mi sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ní báwo, pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára ife. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọwọ́ bàbá mi, àwọn èèyàn ń lá áísìkirimù tán, wọ́n ń jù ú sílẹ̀.

Tọ́sìdeè, 4 Júláì

Àbídèmí, àbúrò mi, ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Bàbá ni ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé, ọmọbìnrin kan, na bíró sí wọn. Wọn ò gbà á. Wọ́n ní kó gbé íńkì wá, àwọn á tẹ̀ka.

Ọmọbìnrin náà káàánú wọn. Ó wá ń ka ìwé náà sí wọn létí, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kà á fún ẹni tí kò rí ilé ìwé rí. Àbídèmí fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá fọwọ́ dá a dúró. Wọ́n ní ẹ ṣé, ọmọ mi. Wọ́n tẹ̀ka.

Akọ̀wé ní kí ẹni tó bá mọ̀wé nínú wa bá bàbá kọ orúkọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́.