Orúkọ Olórúkọ Ló Wà Lórí Ibojì Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ti ri òkúta sórí ibojì yín lánàá. Oyèdìran ni wọ́n kọ sí i. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ, àmọ́ ta ni kí n tún sọ fún?

Ẹ rántí àwọn ará gúúsù Áfíríkà méjì tí ẹ máa ń sọ ìtàn wọn fún mi tí a bá ń rìn ní Mayesbrook Park nílùú òyìnbó níbí, àwọn aláwọ̀ dúdú tó sá máratọ́ọ̀nù níbi Ólíńpíìkì ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Ajá lé ọ̀kan nínú wọn kúrò lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ó padà wá parí eré rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú yín. Àmọ́ tí ẹ bá ti dé ibi tí àwọn òyìnbó ti kọ orúkọ wọn bó ṣe wù wọ́n, ẹ ó fa fìlà bojú, ó di ilé ní Becontree kí ẹ tó tún lanu.

Mo rò pé ó ti rẹ̀ yín ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ìwé ìgbélùú Oyèdìran, ará ìlú yín, lẹ fi ríṣẹ́ ní Dagenham, tí orúkọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ yín títí ẹ fi kú. Tí wọ́n bá pè é, ṣé ó máa ń pẹ́ kí ẹ tó rántí pé ẹ̀yin ni?

Mọ́mì ò jẹ́ kí n kọ orúkọ yín gan-an. Ìyàwó Oyèdìran ni ìwé ìgbélùú wọn pè wọ́n, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí ìjọba má lọ dá wọn padà lọ́jọ́ ogbó. Mi ò lè bá wọn jà.

Ọkùnrin tó ń fín òkúta tẹ̀ mí láago pé kí n pe orúkọ fún òun. Ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ; orúkọ yín ò jáde lẹ́nu mi rí. Ọjọ́ tí mo wá máa pè é, ti ẹlòmíì ni mo pè, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kó má baà ṣì í kọ. Kò sì ṣì í kọ.

Inú ń bí mi sí yín, Bàbá, àárò yín sì ń sọ mí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta lẹ wò kí ẹ tó sọ mí lórúkọ?

Mo nífẹ̀ẹ́ yín.

Èmi ọmọ yín, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọmọ Oyèdìran.