Eyínfúnjowó Kò Sí Nínú Rẹ́jísítà

Agboolé Ládòkun,
Òkè Ọjà,
Ògbóòró.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ìyáálé mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ìkókó, ẹ sì kú àìsùn. Ṣé ara ìyá ọmọ ti ń mókun? Ṣé ọmọ ń mu ọyàn dáadáa, ṣé ooru Ìlọrin ò mú un jù? Ọlọ́run yóò wò ó dàgbà fún wa. Gbogbo wa níbí wà ní àlàáfíà. Bàbá wa ń lọ sóko, ewúrẹ́ yín bí méjì, Ìyá Àgbà sì ń pariwo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Èmi nìkan ni ọkàn mi ò balẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí rẹ̀.

Láti ọjọ́ Ẹtì títí di àná, ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo pe fóònù yín. Ẹ ò gbé e. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kejìdínlógún, ẹ ti pa á. Mo ní kò burú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá ń bínú kì í gbọ́ àlàyé lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí, awakọ̀ Ìlọrin ni màá sì fi rán láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó fà á ya.

Mo gbọ́ pé Ìyá Kẹ́hìndé ti sọ fún yín pé èmi ni mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ba orúkọ ọmọ yín, Eyínfúnjowó, jẹ́ kí wọ́n má bàa fún un lẹ́bùn, nítorí pé wọn ò mú Àpọ́nlé tèmi. Àpọ́nlé wo? Ṣé ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ò tíì lè gbá yàrá kan mọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn ni màá torí rẹ̀ ṣe ìlara? Ìyáálé mi, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ má bínú, mi ò fi bú yín, ẹ̀yin lẹ máa ń pa òwe yẹn fún wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí ọmọ yìí ṣe, ojú yín ló ṣe. Lẹ́yìn tí éèyi mú ọmọ méjì lọ ní àdúgbò wa, ó kó àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́kànlá jọ, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n dé gáà àwọn Fúlàní lẹ́yìn odò. Wọ́n á bi ìyá ọmọ pé ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ àjẹsára kàn, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ náà sára ilẹ̀kùn. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́, wọ́n á tún padà wá kan ilẹ̀kùn yẹn títí ìyá ọmọ á fi gbé ọmọ pọ̀n. Èmi fúnra mi bá a jà lọ́jọ́ tó kọ ọjọ́ sára ilẹ̀kùn wa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ṣùgbọ́n odidi ọdún kan, éèyi ò wọ àdúgbò wa mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn wa nígbà náà ló kọ̀wé sí ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn, àwọn tí ń bu ọlá fún àwọn ọmọbìnrin tí ò tíì pé ogún ọdún tó bá ṣe iṣẹ́ ìlú. Nọ́ọ̀sì náà ṣe dáadáa o, ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ kankan. Ọmọbìnrin kan ní agboolé Ládòkun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tó kọ nìyẹn, ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìgànná. Nínú oṣù karùn-ún, àwọn ará Ìbàdàn yìí rán ọmọge kan, Olúwafọlákẹ́mi, pé kó wá gba orúkọ. Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, ọjọ́ tí àwọn ọmọ wà nílé ìwé, tí ẹ̀yin lọ sí Ṣakí, tí bàbá wa wà lóko, ló yàn láti wá.

Ìyàwó ilé márùn-ún ló bá nídìí ẹ̀gẹ́ tí à ń bó. Ó béèrè pé ta ni olórí àwọn ọmọ náà. Kí ni kí n wí? Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wọ ilé yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Àgbà fà mí létí, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí mo bá bá nínú ilé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ mi ni, mi ò gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ. Ọmọ ọdún méjì ni ọmọ yín nígbà yẹn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ó fi eyín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín sí mi, ni mo bá fi Eyínfúnjowó pè é. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ò gba ẹnu mi jáde rí. Nítorí náà mo dá ọmọge náà lóhùn pé Eyínfúnjowó ni olórí wọn. Ó ní orúkọ bàbá ńkọ́, mo ní Ládòkun. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀.

Ìyá Kẹ́hìndé tó ń fẹjọ́ mi sùn yìí ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Òun ló pe Akọ̀wé, òun náà ló pe Adúmáadán, ọmọge náà sì tẹ gbogbo rẹ̀. Ọmọge náà ń tẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ àwọn ará Òkè-Ògùn mà dùn. Ọmọ Yorùbá ni o. Ó rò pé bàbá kan jókòó nílé, ó pe àlùfáà, ó pa àgbò, ó wá sọ ọmọ ní Adúmáadán. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, òun ò tiẹ̀ wo ẹnu tó ń sọ orúkọ fún un. Ó ní kí n fọwọ́ síwèé, mo fọwọ́ sí i, mo fi nọ́ńbà fóònù mi sí i. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè wá sí Ṣakí. Gbọ̀ngàn kún. Ọmọ yín ti lọ aṣọ rẹ̀ láti òru ọjọ́ tó ṣáájú, ó sì wọ̀ ọ́ dáadáa. Atọ́kùn ètò gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó pe Eyínfúnjowó Ládòkun bí ẹni ń pe orúkọ oògùn òyìnbó, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yín ò wò wọ́n, ó gun orí pèpéle lọ, wọ́n sì gbé ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ní kó mú káàdì ilé ìwé rẹ̀ wá. Ó wo káàdì, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní orúkọ ò bára mu, àti pé àwọn ti yẹ rẹ́jísítà ilé ìwé wọn wò, Eyínfúnjowó kankan ò sí níbẹ̀. Níṣojú gbogbo èèyàn ló bi í pé, "Ẹ̀bùn ta lo wá gbà?" Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kò sunkún. Ìgbà tí ọkọ̀ wa jáde nílùú tán ni omi bọ́ lójú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí nìkan ni, ǹ bá ní ká gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ìwé yẹn ló ní ààyè ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ẹgbẹ́ náà ló sì máa gbọ́ gbogbo bùkátà rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí kò bá rí ọ̀nà yẹn gbà, ìdí ẹ̀gẹ́ ló máa bá wa jókòó sí. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí ní òun fún wa di ọjọ́ Ajé. Bí ẹni tó fọwọ́ sí orúkọ náà ò bá wá fúnra rẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ tòótọ́, ọmọ Ìṣẹ́yìn tó ṣe ìkejì ni àwọn máa fún.

Ẹ wo wàhálà. Mo ní kí bàbá wa lọ, Ọlátúnjí ní kì í ṣe bàbá ló fọwọ́ sí i. Mo ní kí ọ̀gá ilé ìwé kọ̀wé, ó kọ ọ́, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú, Ọlátúnjí ní ìwé náà dára, ṣùgbọ́n ó ku ẹnu mi. Mo lọ bá Ìyá Àgbà. Wọ́n ní èèwọ̀ ni. Mo ní kí wọ́n bá mi lọ sọ ọ́ nígbà náà, wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Mo ní ṣé kí ọmọ wá pàdánù ni, wọ́n ní ta ló sọ pé kí ọmọ pàdánù. Ó sú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo wé gèlè mi, èmi àti ọmọ yín jáde, a bá Ìyá Àgbà nínú ọkọ̀ níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Wọ́n ní àwọn ń lọ wo bí mo ṣe fẹ́ ṣe é.

A dé ọ́fíìsì náà. Ọlátúnjí gbé fóònù kalẹ̀ láti gba ohùn mi sílẹ̀, ó ní kí n sọ orúkọ ọmọ. Mo ní ó wà nínú káàdì tó dì mọ́wọ́. Ó ní kí n sọ ọ́. Mo ní orúkọ tí àlùfáà pè sí i létí lọ́jọ́ kẹjọ ni. Ó ní èwo nìyẹn. Mo ní kó fún mi ní bírò, ó ní ohùn lòun ń fẹ́. Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé ọkọ mi ni, bẹ́ẹ̀ ni ọmọge tó wá gba orúkọ nílé wa tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Màmá, ọmọbìnrin mà ni." Díẹ̀ ló kù kí n tún gèlè mi wé, kí n máa lọ. Ọlátúnjí ní òun mọ àṣà, ìyàwó òun náà ń ṣe é nílé àwọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ ọkọ, kò mọ ìyàwó.

Mo wo ojú Ìyá Àgbà. Wọ́n dìde. Wọ́n ní ooru mú nínú yàrá náà, àwọn fẹ́ gba atẹ́gùn sára. Wọ́n jáde, wọ́n sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara wọn dáadáa, Ìyá Àgbà tí mi ò rí kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n.

Ni mo bá pè é. Mo ní, "Waheedat Àbẹ̀kẹ́ Ládòkun."

Ìyáálé mi, ẹ̀yin mọ̀ pé nílé, bí mo bá pe ọmọ yìí, "Ìyàwó wa, kí lẹ tún fẹ́?" ló máa fi ń dá mi lóhùn, bí ọkọ. Lọ́jọ́ náà, mi ò tíì pa ẹnu dé tó fi wí pé, "Mà." Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun kúnlẹ̀. Bó ṣe máa ń dá ẹ̀yin lóhùn gan-an nìyẹn. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ọlátúnjí ní kí n tún un pè torí ẹ̀rọ náà ò gbọ́ ìparí rẹ̀. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n mo tún un pè.

Wọ́n ti gbà á. Wọ́n tẹ ìwé ẹ̀rí tuntun fún un lójú wa, ọjọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀ ni yóò wọlé. Láti ìgbà tí a ti dé, ìwé yẹn ló ń gbé kiri ilé, ṣùgbọ́n kò tíì rẹ́rìn-ín tán. Ẹ̀yin ni kò rí fi hàn. Ẹ bínú sí mi nítorí orúkọ tí mi ò pè. Bí ẹ bá tún fẹ́ bínú nítorí èyí tí mo pè, ẹ wá sílé wá bínú, màá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yìí lọ láìrí yín. Mo ní màá sìn ín dé gáréèjì, ó ní òun dúpẹ́, òun á dúró de ìyá òun.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí ìkókó àti ti ìyá rẹ̀ sí. Yóò mú yín wálé ní ẹsẹ̀ ire, ẹ ò ní pàdé aburú lọ́nà. Oore tí ọmọ yín ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ, ojú yín àti ojú wa ni yóò fi jẹ èrè rẹ̀.

Èmi ni,
ìyàwó tó tẹ̀lé yín wọlé,
Àmọ̀kẹ́, Ìyá Àpọ́nlé.

Àfikún: Fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ náà béèrè orúkọ ìyá ọmọ. Ọlátúnjí bi mí, mo ní Ìyáálé, ó fi orí gbá tábìlì. Mo mọ orúkọ yín o, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti tó mi lọ́dún yìí. Àyè rẹ̀ ṣì ṣófo, ẹ wá kọ ọ́ fúnra yín kó tó di ọjọ́ Àìkú.